Orúnkún ìyá mi méjèèjì: ṣé ká pààrọ̀ wọn ni, àbí ká ṣì dúró?

Ọmọ Aláṣọ Gbági

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ níbí, òní ni màá kọ́kọ́ béèrè nǹkan. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni. Ẹni ọdún 67 ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gbági Tuntun n'Íbàdàn. Orúnkún ti ń dùn wọ́n láti bí ọdún 9. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ti fi òrí àti róòbù ra á lálẹ́, tílẹ̀ bá mọ́ wọ́n á tún gba ọjà lọ. Ní báyìí, ògiri ni wọ́n ń dì mú kí wọ́n tó dé balùwẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti tẹ̀ síta débi pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni bàtà wọn fi ń jẹ. Lóru, tí wọ́n bá fẹ́ yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń gbọ́ "Yéè!" láti yàrá kejì.

Dókítà egungun ya fọ́tò ẹsẹ̀ náà. Ó ní ohun tó dà bí tìmùtìmù láàárín egungun ti jẹ tán, egungun ló ń ha egungun báyìí, kí a pààrọ̀ méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní òun á fi owó ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Àǹtí mi tó wà l'Ọ́fà ní òun ò tíì rí ẹni tí wọ́n gé eékún ẹ̀ tó tún rìn dáadáa. Ìyá mi fúnra wọn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi mí: "Ṣé màá lè fi orí kanlẹ̀ kírun?" Mi ò mọ ohun tí màá dá wọn lóhùn.

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà wọn náà máa ń gòkè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀ tẹ́ ẹ ò ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.

Tíṣà Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi, o káre tó o béèrè kí owó tó dé. Ẹni ọdún 72 ni mí. Mo pààrọ̀ tọ̀tún ní ọdún 4 sẹ́yìn, tòsì ṣì ni èyí tí Ọlọ́run dá mọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ "gé" tí àǹtí rẹ ń sọ yẹn ló ń lé gbogbo èèyàn sá. Wọn kì í gé ẹsẹ̀. Orí egungun itan àti orí egungun ojúgun ni wọ́n ń fá, bí káfíńtà ṣe ń fá etí ilẹ̀kùn tó wú kó lè pa dé. Wọ́n á fi irin bo tòkè, wọ́n á fi irin bo tìsàlẹ̀, wọ́n á ki ike líle sáàárín kí irin má baà máa ha irin. Iṣan rẹ àti awọ rẹ wà níbi tí wọ́n wà.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, mi ò ní bò ó. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n gún mi. Láti ìdí mi dé ìsàlẹ̀ kú, mò ń gbọ́ ìró òòlù, ṣùgbọ́n ìrora kankan ò sí. Alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí abẹ́rẹ́ ń kúrò lára, ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ṣe mí ní nǹkan. Lọ́jọ́ kejì, físíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú èèyàn, dé, ó ní kí n dìde. Mo kọ́kọ́ rò pé aláìsàn mìíràn ló ń wá. Mo di wọ́kà mú, mo rìn dé ojú fèrèsé, òógùn ń kán sórí ọwọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́ le gan-an: ẹsẹ̀ wú, ó gbóná, oorun ò jọ oorun. Oṣù kẹta ni mo dé ilé láti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìyàwó mi bi mí pé ọ̀pá mi dà, mo ti gbàgbé ẹ̀ sórí ìjókòó. Ó tó ọdún kan gbáko kí orúnkún náà tó dà bí tèmi.

Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé mo pẹ́ jù. Ọdún 6 ni mo fi ń sọ pé jẹ́ kí àbíkẹ́yìn gbàwé jáde ná. Nígbà tí màá fi lọ, orúnkún náà ò nà tán mọ́, kò sì ká tán mọ́, itan mi ti rù. Dókítà ní orúnkún tó bá gan wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó sábà máa ń gan jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún mi. Tèmi ò ká tó ti àwọn tí a jọ ṣe é lọ́sẹ̀ kan náà.

Ní ti ìkúnlẹ̀: mo máa ń kúnlẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Kò fa orúnkún tuntun ya, dókítà ti fi dá mi lójú. Ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe mí bí ẹni kúnlẹ̀ lórí òkúta, ẹ̀gbẹ́ òde orúnkún náà sì kú tipiri, mi ò mọ̀ ọ́n lára bí mo bá fọwọ́ kàn án. Àwọn kan máa ń kúnlẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ kì í fẹ́.

Físíò Èkó

Bàbá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ti líle yẹn. Òun ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí mú dání.

Àǹtí Ọmọ Aláṣọ, kí n tó dé orí iṣẹ́ abẹ, mo fẹ́ béèrè: ṣé Màmá ti ṣe eré ìdárayá gidi fún bí oṣù 3, tí ẹnì kan ń wò wọ́n? Ọ̀pọ̀ tó ń sọ fún mi pé àwọn ti "ṣe físíò", iná ni wọ́n tàn sí wọn lórúnkún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n fọwọ́ pa á, ó parí. Ìyẹn lè mára tù wọ́n lọ́jọ́ náà. Kò fún iṣan lágbára. Iṣan itan ló ń gbé ẹrù fún orúnkún; tí itan bá rù, egungun ló ń gba gbogbo ẹrù náà.

Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Dẹ́ńmáàkì tó jáde ní 2015. Èèyàn 100 ni, gbogbo wọn ló ti tó pààrọ̀ orúnkún. Wọ́n fún gbogbo wọn ní eré ìdárayá, ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ, oògùn àti ìtẹ́lẹ̀ bàtà, wọ́n wá pààrọ̀ orúnkún fún ìdajì. Lẹ́yìn ọdún 1, ara àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ yá ju ti àwọn tó kù lọ, ó hàn gbangba. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó kù yẹn, bí 3 nínú 4 ni kò tíì lọ pààrọ̀ tiwọn nígbà tí ọdún náà parí. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ló sì kó sí wàhálà ńlá jù, bíi ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú iṣan ẹsẹ̀ àti orúnkún tó gan. Ohun tí mo rí nínú ẹ̀ ni pé iṣẹ́ abẹ náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò sí ìdí tí a fi ní láti sáré bí ẹni tí iná ń jó ilé ẹ̀.

Ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn ìyá ọjà rèé. Kí Màmá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ nínà, kí wọ́n ká táwẹ̀lì, kí wọ́n fi sábẹ́ orúnkún. Kí wọ́n fi orúnkún tẹ táwẹ̀lì náà mọ́lẹ̀ títí itan á fi le, kí wọ́n ka 1 dé 5, kí wọ́n sinmi, ìgbà 10. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jókòó lórí àga tó ga díẹ̀, kí wọ́n máa dìde kí wọ́n máa jókòó láìfi ọwọ́ ti ara wọn. Bí wọn ò bá lè ṣe ju 3 lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 3 náà nìyẹn. Á máa dùn wọ́n díẹ̀. Ìrora tó bá ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ kì í ṣe ìbàjẹ́.

Ọ̀pá pẹ̀lú. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún ló burú jù, ọwọ́ ÒSÌ ni kí wọ́n fi mú ọ̀pá. Nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi, ọ̀pọ̀ ló ń mú un lódì.

Bí wọ́n bá sanra, kílò 1 tó bá kúrò lára, bíi kílò 4 ni ó ń gbé kúrò lórí orúnkún ní gbogbo ìgbésẹ̀. Kílò 5 péré, ẹ ṣírò ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Èmi ni mo kọ̀ tí mi ò ṣe é. Ọdún 49 ni mí. Dókítà méjì ni mo rí, èkíní ní kí n pààrọ̀ ẹ̀ kíákíá, èkejì bi mí pé, "Màmá Ìbejì, kí ni orúnkún yìí ò jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe?" Mo ronú títí. Mò ń sùn. Mò ń rìn dé ọjà Kútọ̀. Àtẹ̀gùn àti gbígbé omi ni ìṣòro mi. Ó ní ẹ lọ dín ara kù ná, ẹ lọ fún itan lágbára, nítorí orúnkún tí a bá fi sí ẹni tí kò tíì tó 50, ó ṣeé ṣe kí a tún ṣí i nígbà tí ẹni náà bá dàgbà, èyí tí a bá sì ṣe lẹ́ẹ̀kejì kì í rọrùn bí ti àkọ́kọ́.

Mo gbé àpótí kúkúrú tí mo fi ń jókòó dáná sọnù, mo ra àga gíga. Mo gbé sítóòfù sórí tábìlì. Àtìgbà yẹn ni ìrora alẹ́ mi ti dínkù. Bí mo bá fẹ́ kí ìyá ọkọ mi, mo máa ń tẹ̀ba, mo di apá àga mú. Wọ́n ti mọ̀, wọn kì í bínú.

Ọmọ Aláṣọ Gbági

Ẹ ṣé púpọ̀. Mo bi Màmá ní ìbéèrè dókítà yẹn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní: "Mi ò sùn. Mi ò lè dé ìsọ̀ mi láìjẹ́ pé Sùlè gbé mi sórí ọ̀kadà. Mi ò lè lọ sí òkú ẹlẹgbẹ́ mi." Mi ò mọ̀ pé èyí tó kẹ́yìn yẹn ń dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin ní Manchester

Àbúrò, ìdáhùn ìyá rẹ yẹn tóbi ju fọ́tò egungun lọ. Mo ti rí ẹni tí fọ́tò rẹ̀ bà jẹ́ pátápátá tó ń gun òkè lọ, mo sì ti rí ẹni tí fọ́tò rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ burú tí kò lè dé ẹnu ọ̀nà. Fún ẹni tí kò sùn, tí oògùn ò ràn mọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ̀ sí i, àkókò ti ń tó nìyẹn.

Mo ṣe tèmi níbí lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí mo pé 63. Mo dúró ju ọdún kan lọ lórí ìlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ 18 ni wọ́n ní ó yẹ kó jẹ́. Mo ka nǹkan púpọ̀ nínú ọdún yẹn. Nípa bó ṣe ń pẹ́ tó: ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 2019 fi hàn pé bíi 82 nínú 100 orúnkún tuntun ló ń pé ọdún 25. Òmíràn tó jáde ní 2017 ní ẹni tó bá ti ju 70 lọ kó tó ṣe é, bíi 5 nínú 100 péré ló máa nílò kí wọ́n tún un ṣe kó tó kú. Ọkùnrin tó bá ṣe é nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní 50, ó lè tó 35 nínú 100. Òótọ́ ni dókítà Ìyá Ìbejì sọ. Màmá wa tó jẹ́ 67 kì í ṣe ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì tíì pẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kì í dùn mọ́ àwọn dókítà lẹ́nu: bí ẹni 1 nínú 5 ni inú wọn kì í dùn sí i lẹ́yìn gbogbo ẹ̀. Ìrora ṣì ń ṣe wọ́n, tàbí kò rí bí wọ́n ṣe rò. Orúnkún tuntun, orúnkún tuntun ni. Kì í ṣe orúnkún ọmọ ogún ọdún.

Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ níbí, gbé jáde ní 2022 ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún èèyàn ní eré ìdárayá àti ìmọ̀ràn lórí ìwọ̀n ara, kí wọ́n fi jẹ́lì oògùn ìrora bíi díkílófẹ́nàkì pa orúnkún kí wọ́n tó gbé èyí tí à ń gbé mì kalẹ̀. Wọ́n ní kí dókítà má fi ọjọ́ orí tàbí sísanra nìkan lé ẹnikẹ́ni padà. Wọn ò fara mọ́ abẹ́rẹ́ òróró tí wọ́n ń gún sínú orúnkún, èyí tí wọ́n ń tà ní owó gọbọi nílé.

Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín ní Lọ́ńdọ̀nù pé kó má rò pé òun á mú Màmá wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àlejò ni wọ́n, ìlọ́po kan àti ààbọ̀ iye tó ń ná ilé ìwòsàn ni wọ́n máa ń gbà. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn má wọ ọkọ̀ òfuurufú ọ̀nà jíjìn fún bí oṣù 3, torí ẹ̀jẹ̀ dídì. Kó fi owó náà pamọ́ síbẹ̀. Owó tó ti wà nílẹ̀ kọ́ ló yẹ kó mú ọjọ́.

Ìyàwó Ilé, Àkúrẹ́

Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n mi ò lè ka gbogbo èyí kí n dákẹ́. Ìyá ọkọ mi wà lára 1 nínú 5 yẹn.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni wọ́n ti ṣe é, mi ò ní dárúkọ. A ò béèrè iye orúnkún tí dókítà náà ń ṣe lọ́dún. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n nípa ṣúgà wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n ní ká gbé wọn lọ sílé lọ́jọ́ kẹrin, kò sí físíò, bébà kan ni wọ́n fún wa. Lọ́jọ́ kẹwàá, omi ń jáde lójú ọgbẹ́. Mo pè wọ́n, wọ́n ní kí a ra oògùn kan ní kẹ́míìsì. Mo rà á. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé mo gbà lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ 5 lẹ́yìn náà, orúnkún náà wú, wọ́n gbóná bí iná. Ilé ìwòsàn ìjọba la gbé wọn sáré lọ. Wọ́n tún un ṣí, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n pààrọ̀ ike àárín. Wọ́n ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ìrora ò lọ tán.

Bí omi bá ń jáde lójú ọgbẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má pe fóònù. Ẹ gbé wọn padà sí iwájú dókítà tó ṣe é, kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Nọ́ọ̀sì Òṣogbo

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyàwó Ilé. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, iṣẹ́ wọn ni láti ní kẹ́ ẹ máa bọ̀.

Wọ́ọ̀dù egungun ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 14. Kòkòrò tó ń wọ orúnkún tuntun kò wọ́pọ̀, bíi 1 sí 2 nínú 100, àmọ́ tó bá wọ̀ ọ́, ó burú, nítorí orí irin ni ó ń sá pamọ́ sí, oògùn kì í dé ibẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, ohun tí a ṣe KÍ wọ́n tó gbé ọ̀bẹ ló ṣe pàtàkì jù.

Ṣúgà: kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò HbA1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún oṣù 3 sẹ́yìn. Tó bá ju 8 lọ, ọ̀pọ̀ dókítà á ní kẹ́ ẹ lọ mú un wálẹ̀ ná. Kì í ṣe ìyà ni wọ́n fi ń jẹ yín. Ẹ wo ẹnu wọn, eyín tó jẹrà gbọ́dọ̀ ti kúrò. Ẹ wo àárín ìka ẹsẹ̀ wọn àti gìgísẹ̀, egbò kékeré tàbí sísán tó ń ṣẹ̀jẹ̀, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀. Kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò bó bá ń ta wọ́n. Kí wọ́n mọ bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe pọ̀ tó. Bí wọ́n bá gún wọn ní abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, oògùn líle tó ń mú wúwú àti ìrora rọlẹ̀, sí orúnkún, kí oṣù 3 kọjá kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ jù nìyí. Ẹ jókòó ti Màmá ní ìdákẹ́jẹ́, ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ìfẹ́ ohun tí wọ́n ń lò. Gbogbo ẹ̀. Àgbo, ètù, kápúsù tí ìyá kan ń tà nínú ọ̀rá láìní orúkọ. Àwọn ìyá wa máa ń tọ́jú ẹ̀ sínú báàgì ọjà, wọn kì í sọ fún dókítà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kápúsù tó bá pa ìrora orúnkún ọdún 9 láàárín ọjọ́ 2, tí ojú aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí wú rọ̀bọ̀tọ̀, sítẹ́rọ́ìdì ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀. Ní 2022, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa Artri King, oògùn oríkèé kan tí wọ́n ń tà, wọ́n rí díkílófẹ́nàkì àti dexamethasone, tó jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, nínú ẹ̀, kò sì sí èyíkéyìí nínú méjèèjì lára páálí. Sítẹ́rọ́ìdì ń gbé ṣúgà ga, kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ jinná. Síbẹ̀, ẹ má ṣàdédé gbà á lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ dà á nù: ara ti gbára lé e, dídá a dúró lójijì lè pa èèyàn. Ẹ mú ọ̀rá náà lọ fi han dókítà.

Ní ti méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni ọdún 67 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, èmi á gbà yín nímọ̀ràn kẹ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n lè ṣe èyí tó burú jù ná, kí wọ́n fi oṣù mélòó kan sáàárín. Bí ọ̀kan bá ń jinná, èkejì á máa gbé wọn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá padà délé, bí ẹ̀yìn ojúgun bá wú tó ń dùn, tàbí èémí ń há wọn, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ agogo 2 òru. Ẹ̀jẹ̀ dídì lè jẹ́ òun.

Físíò Èkó

Èmi náà fẹ́ sọ ti ilé. Irú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wo lẹ ní? Rírìn lórí ilẹ̀ títẹ́ ń fẹ́ kí orúnkún ká bíi dígírì 65, àtẹ̀gùn bíi 90, dídìde lórí àga kúkúrú ju 100 lọ. Orúnkún tuntun sábà máa ń ká dé 110 sí 120. Ìlóṣòó ṣáláńgá ju ìyẹn lọ dáadáa. Bó bá jẹ́ ṣáláńgá ni, ẹ ṣe èyí tí wọ́n á máa jókòó sí kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó dé, tàbí kẹ́ ẹ ní kí káfíńtà dá ihò sáàárín àga onígi. Ẹ ká àwọn ẹní àti rọ́ọ̀gì kéékèèké kúrò nílẹ̀. Bó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń sùn, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì sọ̀kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6.

Ẹ sì fi owó físíò sínú ìṣirò. Mo bẹ̀ yín. Gbogbo owó á lọ sórí irin, wọn ò ní ní owó tí wọ́n á fi wá sọ́dọ̀ wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Alfa Ọmọ Ìwó

Salamu alaikum. Nípa ìrun Màmá: kò sí ìṣòro kankan níbẹ̀, ẹ bá mi fi ọkàn wọn balẹ̀. Ìmránù ọmọ Husaini, tó jẹ́ ẹni tí àìsàn ń ṣe, béèrè irú ìbéèrè yìí lọ́wọ́ Ànábì, ìdáhùn tó gbà ni pé kó dìde kírun, bí kò bá lè dìde, kó jókòó, bí kò bá lè jókòó, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Kí wọ́n jókòó sórí àga, kí wọ́n tẹ orí síwájú fún rúkúù, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìforíkanlẹ̀. Láàádá wọn pé. Bí ìyá mi ṣe ń kírun nìyẹn láti ọdún 5, ìlà iwájú ni wọ́n sì ń wà láàárín àwọn obìnrin.

Tíṣà Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣeun, Alfa. Mo fẹ́ fi ti owó kún un. Òkè òkun ni àwọn irin yẹn ti ń wá, nítorí náà owó wọn ń tẹ̀ lé dọ́là. Iye tí wọ́n bá pè lóṣù yìí lè má jẹ́ ìyẹn lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ: irin, yàrá iṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀, oògùn, físíò. Èyí tí wọ́n pè fún mi lákọ̀ọ́kọ́, irin nìkan ló wà nínú ẹ̀, èmi ò mọ̀. Ẹ lọ béèrè ní ibi tó ju ẹyọ kan lọ. N'Íbàdàn tẹ́ ẹ wà yẹn, UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì, wà níbẹ̀; ilé ìwòsàn Ìgbòbí ní Èkó náà, ọ̀rọ̀ egungun ni wọ́n ń ṣe láti 1945.

Ẹ bi dókítà: "Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ṣe é? Mélòó lẹ ṣe lọ́dún tó kọjá? Tó bá wọ wàhálà, ta ni mo máa pè?" Dókítà rere kì í bínú sí ìbéèrè yẹn. Èyí tó bá bínú, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ọmọ Aláṣọ Gbági

Ẹ̀yin ará, ó ti tó oṣù 3, mo ní kí n wá jábọ̀.

Nọ́ọ̀sì Òṣogbo, ọ̀rọ̀ yín ṣẹ. Kápúsù pupa àti dúdú ni mo bá nínú báàgì Màmá, wọ́n ti ń lò ó láti bí ọdún kan. Wọ́n sunkún nígbà tí mo rí i, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí n rò pé àwọn ya òmùgọ̀. Mo ní Màmá, ìrora ni, kì í ṣe òmùgọ̀. A mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n ń dín in kù fún wọn díẹ̀díẹ̀. HbA1c wọn jẹ́ 9.4 nígbà yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ti di 7.6.

Dókítà kejì tá a lọ bá gbà pé ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ó rí i pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi mú ọ̀pá, ó ní ta ló kọ́ wọn, Màmá ní "àwọn ọmọ mi orí fóònù" ni. Òru ti dára díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì ń tẹ̀ síta, wọn ò sì tíì lè rìn dé ìsọ̀. A gbà láti ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kó jẹ́ lóṣù yìí. Màmá ní rárá, ọjà Iléyá ni àwọn fi ń jẹun ọdún, àwọn á jókòó tà á tán, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Iléyá ni kí wọ́n kọ orúkọ àwọn sí. Wọ́n ti kọ ọ́.

Káfíńtà ti ṣe àga ìgbọ̀nsẹ̀ náà. Àǹtí mi l'Ọ́fà ní òun á wá bá wọn gbé fún ọ̀sẹ̀ 6. Láàárọ̀ yìí, mo bá Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì, táwẹ̀lì wà lábẹ́ orúnkún, wọn ò dá mi lóhùn nígbà tí mo kí wọn. Wọ́n na ọwọ́ sí mi kí n dúró. Wọ́n ń kà: "Ẹẹ́ta... ẹẹ́rin..."